Ilé Tí Àkísà Ti Tán

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìgbó-Ọrà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń jù nù ní àdúgbò wa tí kì í kọ́kọ́ gba ọwọ́ ìyá mi kọjá kí ó tó dé ààtàn, bí yóò bá tilẹ̀ dé ibẹ̀. Ìyá Onígò ni wọ́n ń pè é. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò kó iyọ̀ àti ìṣáná sínú apẹ̀rẹ̀, yóò gbé e rù, yóò sì máa lọ láti agbo ilé kan sí èkejì, yóò máa béèrè ohun tí wọn kò lò mọ́. Ìṣáná ni ó fi ń gba ìgò, iyọ̀ ni ó fi ń gba agolo. Nígbà tí oòrùn bá fi máa kan àtàrí, iyọ̀ á ti tán, ìgò ni yóò kù tí wọn á máa kọlu ara wọn lórí rẹ̀. A máa ń gbọ́ ìyá mi kí a tó rí i.

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọmọ òde òní ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé a lè tún pàǹtí lò. Ẹ̀yìnkùlé wa ni ìbá dára kí wọ́n wá wò. Ìgò wà lápá kan. Ìyá mi á fi iyanrìn àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, àwọn elépo, àwọn alágbo àti àwọn tó ń ta kẹrosíìnì á wá kó wọn. Agolo wà lápá kejì. Ọkùnrin kan tó ń ṣe fìtílà ló ń kó àwọn kéékèèké. Àwọn ńlá ni wọ́n ń là, tí wọ́n ń fi ìṣó lu níhò jálẹ̀, tí wọ́n ń kàn mọ́ pákó fún àwọn obìnrin tó ń rin ẹ̀gẹ́. Ìwé àwọn ọmọ iléèwé tó ti kún, ẹlẹ́pà àti alákàrà ló ni ín. Èèpo ẹ̀kùrọ́, ti alágbẹ̀dẹ. Eérú, ti àwọn tó ń ṣe ọṣẹ. Èèpo ẹ̀gẹ́ kò tilẹ̀ dúró de ẹnikẹ́ni, ewúrẹ́ á ti gbà á lọ́wọ́ wa.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, àkísà ló tà jù. Àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì tó wà ní Èrúwà kò lè ṣe láìsí i. Òun ni wọ́n fi ń nu ẹ́ńjìnnì, òun náà ni wọ́n fi ń nu ọwọ́. Lọ́jọ́ ọjà, ìyá mi á di àkísà rẹ̀, á gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí Èrúwà, á sì mú búrẹ́dì bọ̀ fún mi. Mo dárúkọ búrẹ́dì yìí nítorí pé òun ni ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ pé mo pàdánù nígbà tí àbúrò mi dé. Ojú ọmọdé kò ju ibi ọ̀fun rẹ̀ lọ.

Ìlú tí àwọn ẹlòmíràn ti ń bí méjì méjì ni ìlú wa. Ìyá mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń bí, ọ̀kọ̀ọ̀kan náà kò sì dúró. Lẹ́yìn tèmi, ó bí mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lọ kí wọ́n tó mọ ìrìn ín rìn. Ìyá bàbá mi, tí ó ń bá wa gbé, kò gbà pé ọmọ mẹ́ta ni. Ó ní ọmọ kan náà ni, ó ń wá jẹun, ó ń lọ. Àbíkú ni. Bàbá mi, tí ó ń dáko lọ́nà Ìdèrè, tí kì í sì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sétí, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi bí ẹ̀kẹrin, tí ó jẹ́ obìnrin, bàbá mi sọ ọ́ lórúkọ inú Bíbélì, ìyá àgbà sì sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀. Ti ìyá àgbà ló mọ́ ọn lórí.

Ẹ̀yin náà mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. N kò ní kọ ọ́ síbí, ọwọ́ mi kò gbé e. Ohun tí ó ń wí ni pé àkísà ti tán. Àkísà ni wọ́n fi ń di irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sínú igbó. Bí a bá wá pe ọmọ ní orúkọ yìí, ohun tí à ń sọ fún un ni pé kò sí èyí tí a ó fi dì ọ́ mọ́, nítorí náà, má lọ. Ẹ̀bẹ̀ ni. Irọ́ sì ni pẹ̀lú, nítorí ilé ta ni àkísà ti ń tán? Ní ilé tiwa, ó kún àpò mẹ́ta.

Ìyá àgbà rí àpò náà ní ọjọ́ ìkómọ gan-an. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó na ọwọ́ sí wọn, ó ní, "Ìyàwó, ọmọ yìí lójú o. Bí a bá ní àkísà ti tán, tó wá ń fojú ara ẹ̀ rí àkísà, ẹ̀rín ló máa fi wá rín lọ."

Ìyá mi kò jiyàn. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó kó àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Èrúwà, ó sì sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n má retí òun mọ́. Láti ọjọ́ náà ni àkísà ti di èèwọ̀ nílé wa.

Kò sí ẹni tó máa ń ronú nípa bí ilé tí kò ní àkísà ṣe ń rí. Ewé ni a fi ń sọ ìkòkò gbígbóná kalẹ̀, ọwọ́ wa sì ń bó. Háríhá àgbàdo ni a fi ń nu gíláàsì àtùpà. Koríko ni mo fi ń ká òṣùká tí mo fi ń ru omi, ó ń gún mi lórí, àwọn ẹgbẹ́ mi lódò sì ń bi mí bóyá ẹyẹ fẹ́ wá yé sí i. Ohun tí àwọn obìnrin ń fi àkísà ṣe lóṣooṣù, n kò mọ bí ìyá mi ṣe ń ṣe tirẹ̀, n kò sì bi í.

Èyí tó wá le jù ni pé kò sí ẹni tó mọ ibi tí aṣọ ti ń di àkísà. Aṣọ kì í sọ fún ni. Ó wà lára rẹ lónìí, aṣọ ni; ó ya lọ́la, ṣé ó ti di àkísà nìyẹn? Ìyá àgbà ní bí ó bá ti ya, ó ti dà á. Bàbá mi ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gba ṣòkòtò oko òun kí òun máa lọ sóko níhòòhò. Ìyá mi ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní aṣọ tí a bá ti ṣẹ́tí rẹ̀, tí a ká etí rẹ̀ wọlé tí a fi abẹ́rẹ́ gbá a yípo kí ó má baà tú mọ́, kì í ṣe àkísà, bó ti wù kó kéré mọ. Ìyá àgbà rò ó títí, ó gbà. Láti ìgbà náà, abẹ́rẹ́ kò kúrò lọ́wọ́ ìyá mi. Bí aṣọ bá ya, á lẹ̀ ẹ́. Bí ó bá tún ya, á gé e kúrú, á ṣẹ́tí rẹ̀, ó di aṣọ ọmọdé. Èyí tí kò bá ṣe é ṣẹ́tí mọ́, iná ló ń lọ. Aṣọ ilé wa kéré, ó lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí etí rẹ̀ tú.

Àbúrò mi sì dúró. Ó pé ọdún kan, ó pé méjì, ó rìn, ó pé mẹ́ta. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò padé mọ́. Àárín ìgò àti agolo ló ti dàgbà. Ó máa ń to agolo mílíìkì bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, á sì fi pàṣán na èyí tí kò bá dúró dáadáa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi tí inú fi ń bí mi nígbà mìíràn, nítorí pé bí ẹyin ni gbogbo ilé ń gbé e, èmi ni wọ́n sì ń bá wí bí ó bá fẹsẹ̀ kọ. Ó wù mí kí ó dàgbà kíákíá kí wọ́n yé ṣe é bí àlejò.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin nígbà tí wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ sí yọ ìyá mi lẹ́nu. Kò sí ẹni tí kò bẹ̀rù wolé-wolé nígbà náà. Bí a bá ti rí kákí rẹ̀ lókèèrè, àwọn obìnrin á máa sáré da omi àmù nù. Ọkùnrin náà bẹ ojú wo inú àwọn agolo wa tí òjò ti rọ̀ sí, ó rí tanwíjí tí wọ́n ń jó nínú omi, ó sì ní bí òun bá tún padà bá omi nínú wọn, kóòtù ni ìyá mi yóò ti lọ ṣàlàyé. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, ó kúnlẹ̀. Nígbà tó lọ tán, iṣẹ́ náà bọ́ sí mi lọ́wọ́. Bí òjò bá ti dá, kí n da omi inú agolo nù, kí n sì dojú wọn délẹ̀.

Kóòtù là ń bẹ̀rù, kì í ṣe tanwíjí. Wolé-wolé sọ pé òun ló ń di ẹ̀fọn, pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà, ṣùgbọ́n ta ní ń gba ọ̀rọ̀ wolé-wolé gbọ́? Gbogbo ayé ló mọ̀ pé oòrùn ló ń fa ibà.

Òjò pọ̀ lọ́dún náà. Lọ́jọ́ kan tí mò ń fọ ìgò, mo rí ọ̀kan tí ẹni tó ni ín fi ègé aṣọ dí lẹ́nu. Mo fà á yọ. Òdòdó pupa kéékèèké wà lára rẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, etí rẹ̀ sì ti tú, òwú ń jábọ́ lára rẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ààrò kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mi lọ. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ní ọmọláńgidi kan, ṣùkù àgbàdo ni, ewé ló fi ń pọ̀n ọ́n, ewé náà sì ń ya. Láti àárọ̀ ló ti ń sunkún pé ọmọ òun ń já bọ́. Mo fọ aṣọ náà, mo sá a lórí òkúta, mo fún un. Mo ní kó má jẹ́ kí ìyá àgbà rí i, pé bí ẹnikẹ́ni bá sì bi í, kó ní aṣọ ni.

Mo rò pé mo gbọ́n. Mo rò pé bí ọmọ kò bá mọ̀ pé àkísà ni, kò lè fi wá rẹ́rìn-ín.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi pọ̀n ọ́n. Òjò ń rọ̀, àwa méjèèjì á sì wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìnkùlé. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ, bí wọ́n ṣe ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, bí wọ́n ṣe ń gbọn ọ̀já kí wọ́n tó pọ̀n. Ó mú mi ní ìyá ọkọ nínú eré wa. Kò sí ìgbà kan láyé mi, títí kan ìgbà tí mo bí tèmi, tí inú mi dùn tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Omi sì wà nínú agolo. Mo ń sọ pé bí òjò bá dá, n ó dà á nù. Bí ó bá sì dá, eré á ti wọ̀ mí lára. Ìyá mi á dé láti ìrìn rẹ̀, á bi mí bóyá mo ti ṣe é. Mo máa ń ní mo ti ṣe é.

Ara àbúrò mi gbóná ní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n fi omi tútù nù ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, gìrì gbé e. Bàbá mi kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé e sáyà, ó gun kẹ̀kẹ́, ó ń gbé e lọ sí ọsibítù. Wọn kò tíì jìnnà tí a fi rí i tó ń padà bọ̀, tó ń ti kẹ̀kẹ́ náà, tí kò sì gùn ún. Ìyá mi kò dúró kó dé ọ̀dọ̀ wa kó tó bú sẹ́kún.

Àwọn àgbà méjì wá láti inú agbo ilé pẹ̀lú ọkọ́. Ọ̀kan nínú wọn rọra béèrè ohun tí wọn yóò fi dì í. Kò sí àkísà nílé wa. Ohun tí a fi ń tan ọmọ náà jẹ láti ọdún mẹ́rin ti wá di òtítọ́, ó sì ti lọ. Ìyá àgbà, tó sọ ọ́ lórúkọ, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi gèlè rẹ̀ bo ojú.

Ìyá mi wọlé lọ. Ó gbé aṣọ òfì ìgbéyàwó rẹ̀ jáde, èyí tí ó ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó fi eyín já etí rẹ̀, ó sì fà á ya. Òfì nípọn. Ó pẹ́ kó tó ya dé òpin. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọmọláńgidi náà wà lábẹ́ aṣọ mi pẹ̀lú àkísà tó wà lára rẹ̀, gbogbo ilé ń wá àkísà, mo sì dákẹ́. Bí mo bá mú un jáde, wọn á mọ ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún ọmọ náà láti lọ. Ẹ̀rù bà mí. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ní ọjọ́ kejì, mo sin ọmọláńgidi náà sẹ́yìn ààtàn. Nígbà tí mo tú aṣọ náà kúrò lára rẹ̀, mo rí i pé òwú kò jábọ́ lára rẹ̀ mọ́, etí rẹ̀ gún régé. N kò ronú sí i. Omijé ló wà lójú mi.

Àwọn èèyàn wá kí wa. Gbogbo wọn ló ń wí ohun kan náà tí a máa ń wí fún ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ìyá mi ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n agbè náà kò pọn omi mọ́. Kò bímọ mìíràn. Kó tó di ọdún tó tẹ̀lé e, àpò àkísà ti padà sẹ́yìnkùlé wa, ìyá mi lọ sí Èrúwà lọ́jọ́ ọjà, ó sì mú búrẹ́dì bọ̀. Mo gbé e fún ewúrẹ́.

Bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, mo wà ní iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìtọ́jú aláìsàn. Olùkọ́ wa gbé ìgò kan sórí tábìlì, omi àti tanwíjí wà nínú rẹ̀. Ó ṣe àlàyé bí ó ṣe ń di ẹ̀fọn, iye ọjọ́ tó ń gbà, bí ẹ̀fọn ṣe ń gbé ibà láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn, àti bí ibà náà ṣe ń gun orí ọmọdé tí gìrì fi ń gbé e. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi ń ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ìka ọwọ́ mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀fọn lè ti ibi gbogbo wá, adágún omi kò wọ́n nílùú wa. Mo ti fi ìyẹn bẹ ara mi títí, ara mi kò gbà.

Ìgbà tí mo gba ìsinmi wálé, mo pinnu pé n ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Òjò ti rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá àgbà ti kú nígbà náà. Ọ̀rá ti ń dé, kẹ́ẹ̀gì ti ń gba ipò ìgò lọ́wọ́ àwọn elépo, ṣùgbọ́n ìyá mi kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa àkísà, ó ń ya èyí tó nípọn sọ́tọ̀ fún àwọn mẹkáníìkì. Mo jókòó tì í. Èyí tó rọrùn ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, aṣọ olódòdó tí àbúrò mi fi ń pọn ọmọ rẹ̀ nígbà yẹn, àkísà ni. Èmi ni mo fún un."

Kò gbé orí sókè. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo rí i lẹ́yìn ọmọláńgidi ẹ̀. Mo ní kí n gbà á, ó ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi ò gbé e. Ìgbà tó sùn, mo tú u, mo bá a ṣẹ́tí ẹ̀, mo tún fi pọ̀n ọ́n padà." Ó yẹ àkísà kan wò, ó jù ú sápá kan. "Mo ní tí mo bá ti ṣẹ́tí ẹ̀, kì í ṣàkísà mọ́. Bóyá ọmọ yẹn ò gbà á ni."

Mo wò ó. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló fi ń rò pé ojú abẹ́rẹ́ òun ni ọmọ òun gbà lọ, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, bí èmi náà kò ti sọ. Ọ̀rọ̀ tí yóò gbà á sílẹ̀ wà lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ fún un pé àkísà kò pa ẹnikẹ́ni rí, n ó ní láti sọ ohun tó pa á. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni wọ́n tò sí, agolo ńlá, agolo kékeré, iṣẹ́ tó fi bọ́ mi, tó fi rán mi níléèwé, omi òjò àárọ̀ sì kún inú wọn dé ẹnu.

Mo ní, "Ó gbà á, Ìyá. Aṣọ ni."

Ó mi orí, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo dìde, mo bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbé agolo náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dojú wọn délẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀ yẹn. Mo ní kò sí nǹkan, omi ni mò ń dà nù.